Ohun kékeré tí ń tu àlejò nínú: Ìgbé ayé àwọn ará òkèèrè ní Festac àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin



Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan wà ní òkèèrè, London, Madrid tàbí New York ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ. A máa ń gbàgbé pé àdúgbò tiwa náà, òkèèrè ẹlòmíràn ni. Ẹni tó kúrò ní Kùtọnú, Lomé tàbí Accra wá ṣiṣẹ́ ní Festac, òkèèrè ló wà yẹn. Òun náà ń ṣírò iye tí yóò fi ránṣẹ́ sílé, òun náà ń ka ọjọ́ tó kù kí ó tó fojú kan ìyá rẹ̀, òun náà sì ń wá nǹkan díẹ̀ tí yóò mú ọjọ́ rọrùn fún un. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyí: bí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbé láàrin wa, ohun tí òfin sọ nípa wọn, ohun tí ń tù wọ́n nínú, àti ohun tí ẹ̀sìn wa fẹ́ kí a ṣe fún wọn.

Ìlú tí a kọ́ nítorí àlejò

Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ àgbègbè Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú Festac fúnra rẹ̀, nítorí àlejò ni ìjọba àpapọ̀ ṣe kọ́ ọ. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, Nàìjíríà ṣe FESTAC '77, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú. Òun ni èkejì irú rẹ̀, lẹ́yìn èyí tí wọ́n ṣe ní Dakar ní ọdún 1966. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún olórin, oníjó, òṣèré àti ọ̀mọ̀wé wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50, àwọn ilé tuntun wọ̀nyí ni a sì fi wọ́n sí. Nígbà tí àjọ̀dún parí tí wọ́n padà sílé, ni wọ́n tó pín àwọn ilé náà fún àwọn ará ìlú. Àlejò ló kọ́kọ́ sun ìlú yìí kí onílé tó sùn ún.

Títí di òní, ọ̀nà àlejò kò dí. Ibùdókọ̀ Mile 2 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ gba títì Àgbádárìgì lọ sí ibodè Sẹ̀mẹ̀ àti Kùtọnú. Láti ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin Blue Line náà ń gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Ẹni tó ti Kùtọnú dé lè dé Erékùṣù Èkó láìjókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Orílé.

Àwọn wo ni wọ́n? Bíríkìlà, àwọn tó ń lẹ táìsì, aránṣọ, ọmọ ọ̀dọ̀, alásè, awakọ̀ àti oníṣòwò wà nínú wọn. Àwọn kan ti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ wá. Èdè Yorùbá ni ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, síbẹ̀ ìwé ìrìnnà Bẹ̀nẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn Ègùn náà wà, tí ẹbí wọn wà ní Àgbádárìgì níhìn-ín àti ní Àjàṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ààlà tí òyìnbó fà ló sọ wọ́n di àlejò lọ́dọ̀ ọmọ ìyá wọn.

Ohun tí òfin sọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ojú àánú lásán ni a fi ń wo àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà tó wà lọ́dọ̀ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Èkó yìí ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè náà tún fẹnu kò ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lò tó 90 ọjọ́. Ìwé ìrìnnà tí kò tíì kásẹ̀ àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn Immigration láti gba ìwé ìgbélùú.

Nítorí náà, ẹni tó bá gba ọmọ Tógò síṣẹ́, kí ó ràn án lọ́wọ́ kí ìwé rẹ̀ lè pé. Kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ pa mọ́ sínú àpótí nítorí pé kí ó má baà lọ. Ìwé ẹni ni ọ̀nà ilé ẹni.

Kí ni ń tù wọ́n nínú?

Ẹni tí kò tíì gbé òkèèrè rí lè rò pé owó nìkan ni àlejò ń wá. Òótọ́ ni pé owó ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ń mú un sùn lóru. Ohun kékeré ni.

Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ. Ará Bẹ̀nẹ̀ tó bá rí ẹ̀kọ wa yóò rántí àkàsà tirẹ̀, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ará Gánà tó bá rí ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀ yóò rántí waakye tí wọ́n ń fi ewé ọkà bàbà sè títí yóò fi pọ́n. Ará Nìjẹ̀ẹ́ tàbí Málì yóò gbé ìkòkò tíì kékeré ka orí èédú lẹ́yìn ìrun Àlàsárì, wọn yóò sì bu ú mu lẹ́ẹ̀mẹta nínú ife tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Kì í ṣe pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Ìjókòó náà ni wọ́n ń mu.

Èkejì ni ohùn ará ilé. Aago Bẹ̀nẹ̀ àti tiwa kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n Tógò àti Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Bí ó bá di aago 9 alẹ́ ní Festac, aago 8 ni ní Lomé. Ìyá tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lè parí iṣẹ́ alẹ́, kí ó pe ilé lórí WhatsApp, kí ó sì bá ọmọ rẹ̀ lójúfò. Wákàtí kan yìí, ọrọ̀ ni fún un.

Ẹ̀kẹta ni ìrun. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní í gbọ́ wáàsí Lémọ́mù, ṣùgbọ́n bí a bá ti kírun, àlejò ti tán. Fátíhà tó kọ́ ní kékeré ní Parakou ni Fátíhà tí a ń ké ní Festac. Èjìká rẹ̀ á kan ti onílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan ti olówó. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú yẹn ni ibi kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò ti í bi í pé ibo lo ti wá.

Ṣùgbọ́n àwọn ohun kékeré wọ̀nyí ti ń wọ́n. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, náírà ti já wálẹ̀ gan-an. Owó oṣù tó ń ra ọ̀pọ̀ CFA tẹ́lẹ̀, díẹ̀ ló ń rà báyìí. Àlejò tó ń ṣiṣẹ́ bákan náà, owó tó ń dé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí inú rere wa fi wúlò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Àárò ilé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Àwọn kan máa ń sọ fún àlejò pé, «Ṣebí ìwọ lo fẹ́ wá?» Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà Híjírà. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí fi Mọ́kà sílẹ̀ lọ sí Mọdínà ní ọdún 622, ibà mú Abú Bákírì àti Bìlálì. Bí ibà bá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, Bìlálì yóò gbé ohùn sókè, yóò máa fi ewì ṣe àárò Mọ́kà. Kí ni ó ń ṣe àárò rẹ̀? Kì í ṣe ilé ńlá. Koríko àfonífojì Mọ́kà ni, omi ibẹ̀ ni, òkè ibẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ Mọ́kà náà ni wọ́n ti fìyà jẹ ẹ́ tí wọ́n gbé òkúta lé e láyà.

Nígbà tí Àíṣà ròyìn rẹ̀ fún Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò bá Bìlálì wí. Àdúà ló ṣe: ó bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó mú àwọn nífẹ̀ẹ́ Mọdínà bí wọ́n ti nífẹ̀ẹ́ Mọ́kà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú Bukhari ni hádíìsì yìí wà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé àárò ilé kì í ṣe àìmoore. Oògùn rẹ̀ sì ni kí ibi tuntun di ibi ìfẹ́.

Àwọn ará Mọdínà kò fi àdúà náà sílẹ̀ fún Ọlọ́hun nìkan. Sa'd ọmọ Rabí'i fi ìdajì dúkìá rẹ̀ lọ Abdur-Rahman ọmọ Awf. Abdur-Rahman ṣàdúà fún un, ó ní kí ó kàn fi ọjà han òun. Onílé na ọwọ́, àlejò sì pa iyì ara rẹ̀ mọ́. Bí ó ti yẹ kí ó rí láàrin wa nìyẹn.

Àwa náà ti ṣe àlejò rí

Kò yẹ kí Yorùbá gbàgbé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó ti ń ṣòwò ní Accra, Kumasi àti Tamale láti ọdún pípẹ́ kó ẹrù sórí ọkọ̀ padà wálé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò mọ ilé tí wọ́n ń padà sí. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1983, àwa náà ṣe tiwa: ìjọba Shagari ní kí àjèjì tí kò ní ìwé jáde. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó lọ, ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ sì gba títì Àgbádárìgì kọjá. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ni a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní pẹ̀lú orúkọ «Ghana Must Go». Ẹrù ẹni tí ojú ń pọ́n ló wà nínú rẹ̀.

Lónìí, àwọn ọmọ wa wà ní Sípéènì àti níbòmíràn. Ní Madrid nínú oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí aago 9 alẹ́ yóò fi kọjá dáadáa, ìrun Màgàríbì sì di ti ẹni tó ti fẹ́ sùn. Ọmọ rẹ lè jẹ́ Mùsùlùmí kan ṣoṣo ní ibi iṣẹ́. Ara Mòrókò tó ń ta ẹran hàlálì tó kí i ní sàláámà lè jẹ́ ìdùnnú rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Bí a ti ń bẹ Ọlọ́hun pé kí ẹnì kan ṣàánú ọmọ wa níbẹ̀, ìyá kan ní Lomé ń bẹ Ẹ́ nítorí tirẹ̀ ní Festac.

Kí ni a lè ṣe?

Nínú Súúrà An-Nisá, áyà 36, Ọlọ́hun ka aládùúgbò tó súnmọ́ni, aládùúgbò tó jìnnà àti ọmọ ojú ọ̀nà mọ́ àwọn tí a gbọ́dọ̀ ṣe dáadáa sí. Ọmọ ojú ọ̀nà tún wà nínú ìpín mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí nínú Súúrà At-Tawba, áyà 60. Bí àlejò bá há sí Mile 2 láìní owó ọkọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe ìtọrẹ.

Ànábì tún kọ́ wa pé bí a bá ń se ọbẹ̀, kí a fi omi kún un kí aládùúgbò lè rí díẹ̀, àti pé kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ẹ̀bùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pátákò ẹsẹ̀ àgùntàn. Nítorí náà, kí ẹni tó ní òṣìṣẹ́ san owó rẹ̀ lásìkò, kí ó jẹ́ kí ó lọ kírun Jímọ̀, kí ó sì fún un ní àyè láti pe ilé. Kí Lémọ́mù fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ kókó wáàsí ní Faransé tàbí Haúsá, bí ẹni tó gbọ́ ọ bá wà. Ní oṣù Rámádàánì, ẹ pè wọ́n síbi ìṣínu. Ní ọjọ́ Iléyá, ẹ má jẹ́ kí ẹran tán kí ẹ tó rántí ilé wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ wọn, kí ẹ sì pè é bó ti yẹ. «Àgànyìn» kì í ṣe orúkọ tí ìyá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Kí Ọlọ́hun mú ibi tí a wà dùn mọ́ àwọn àlejò wa, kí Ó sì mú ibi tí àwọn ọmọ wa wà dùn mọ́ wọn. Àámíìn.