Adìẹ Tí Ń Tu Ìyẹ́ Ẹnìkejì Rẹ̀

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe yìí kò tíì rí ilé adìẹ ti ìgbà tiwa, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún adìẹ ẹlẹ́yin ti ń gbé pọ̀ lábẹ́ páànù, tí wọ́n ń tu ìyẹ́ ara wọn títí ẹ̀yìn wọn fi ń pọ́n yòò, tí ohun tí ìyẹ́ ń bò mọ́lẹ̀ sì wá hàn sí gbogbo ayé.

Kí a tó dá adìẹ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a rántí irú ẹ̀dá tí í ṣe. Adìẹ, atanlẹ̀-má-rẹ̀ẹ́, abìyẹ́ tí ìtàn Ifẹ̀ sọ pé ó fi ẹsẹ̀ ọlọ́mọ-ìka márùn-ún tan erùpẹ̀ sórí omi títí ilẹ̀ fi fẹ̀! Ní àgbàlá àwọn Owé ní Kàbà, àti káàkiri Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni àgbébọ̀ yóò ti kó ọmọ rẹ̀ jáde, yóò tan abẹ́ igi kajú, yóò ṣa ikán, yóò ṣa ọkà bàbà tí ó bọ́ létí ọlọ, yóò yíra nínú eruku, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní dilẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Àjogúnbá ni iṣẹ́ yìí. Adìẹ igbó ilẹ̀ Éṣíà ni baba ńlá rẹ̀, àwọn onímọ̀ tí wọ́n sì ṣọ́ irú adìẹ bẹ́ẹ̀ rí i pé, bí a tilẹ̀ ń fún un ní oúnjẹ, ó ń lo ju ìdajì àkókò ọ̀sán lọ láti máa ṣá ilẹ̀.

Ẹ wá kó irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì lásán, tàbí kí ẹ tì í mọ́ inú kéèjì oníwáyà: adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ẹnu tí kò rí ilẹ̀ ṣá yóò wá ohun mìíràn ṣá, ìyẹ́ ẹnìkejì ni yóò sì kọ́kọ́ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣóńṣó ìyẹ́ ni ó ń fẹnu kàn; nígbà tí ó bá yá, yóò máa fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ní ìdí ìrù; bí ẹ̀jẹ̀ bá sì yọ, pupa rẹ̀ yóò fa àwọn yòókù, wọn yóò ṣá ihò ìdí adìẹ tí ó fara gbọgbẹ́ náà títí ìfun yóò fi tú síta, tí yóò sì kú. Èyí tí kò kú pàápàá, òtútù ọyẹ́ kò ní jẹ́ kí ó gbádùn, oúnjẹ tí ì bá fi yé ẹyin ni yóò máa fi mú ara gbóná.

Ìwà ìkà kọ́ o. Àyè tí kò gbà wọ́n, ìmọ́lẹ̀ tí ó mú jù, oúnjẹ tí èròjà amáradàgbà tàbí iyọ̀ rẹ̀ kò tó, àti ilẹ̀ tí kò sí ohun títàn lórí rẹ̀ ni ó ń bí i. Ìran adìẹ kan sì wà tí ó jogún àṣà náà ju òmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn a máa gé ẹnu adìẹ. Lóòótọ́ ni ó ń dín ọgbẹ́ kù, ṣùgbọ́n ẹnu náà ń mọ ìrora, a kì í sì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Ruth Harrison kọ ní 1964 la ojú àwọn ènìyàn sí ìyà ẹran ọ̀sìn. Nígbà tí ó sì di 2012, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti lé kéèjì tí kò ní ìtẹ́ àti igi ìbà kúrò nílẹ̀ wọn.

Àtúnṣe kò jìnnà sí wa. A kò ṣàìní èèpo ìrẹsì, èèpo ẹ̀pà àti èérún pákó. Kí a tẹ́ ẹ nípọn, kí a fọ́n ọkà sínú rẹ̀, kí a so ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rọ̀ fún wọn, kí a fi ẹ̀wà sóyà àti ẹja lílọ̀ bọ́ wọn dáadáa, kí a sì yọ èyí tí ó bá ti fara gbọgbẹ́ kúrò lọ́gán. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sìn ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Kàbà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àti bàbá wa nílé: ẹni tí ó bá rí ìyẹ́ nílẹ̀ ilé adìẹ rẹ̀, kí ó tó wá ọ̀bẹ, kí ó kọ́kọ́ wá ohun tí adìẹ yóò tan.