Bí kọ̀ǹpútà kò bá tàn dáadáa mọ́ lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n nu inú rẹ̀

Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń kọ gbèsè oníbàárà sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọ̀fẹ́ ni Linux, ó sì dára fún kọ̀ǹpútà àlòkù. Kernel ni ọkàn rẹ̀: òun ló ń darí ojú kọ̀ǹpútà àti Wi-Fi.

Nígbà mìíràn, bí kernel tuntun bá wọlé, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn tàbí kí Wi-Fi dákẹ́. Ó lè jẹ́ pé ètò kékeré tó ń darí Wi-Fi bá kernel àtijọ́ mu, tí kò sì bá tuntun mu.

Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun nu gbogbo inú ẹ̀rọ náà, ẹ má tíì gbà. Àkọsílẹ̀ gbèsè yín lè bá a lọ. Lórí Ubuntu, kernel àtijọ́ sábà máa ń wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn, kí ẹ tẹ Esc lẹ́ẹ̀kan bó ti ń tàn; lórí ẹ̀rọ tó ti pẹ́, Shift ni kí ẹ dì mú. Ẹ yan « Options avancées pour Ubuntu », kí ẹ wá mú kernel tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti tuntun.

Bó bá tàn dáadáa, kernel tuntun ló jẹ̀bi. Ẹ kọ́kọ́ da àkọsílẹ̀ yín sórí clé USB. Lẹ́yìn náà, kí onímọ̀ wò ó bóyá /boot ti kún, kó sì tún ètò Wi-Fi ṣe fún kernel tuntun.

Àwọn àgbà ní a kì í tìtorí òjò tó ṣú da omi ìkòkò nù. Ẹ má yọ kernel àtijọ́ kúrò títí tuntun yóò fi ṣiṣẹ́.