Àjẹsára rotavirus kò dènà norovirus o

Àwọn ìyá ń béèrè pé: "Ọmọ mi ti gba àjẹsára rotavirus tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2022, kí ló tún ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru?"

Ó lè jẹ́ norovirus. Àjẹsára yẹn ò kàn án. Ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀. GII.4 wà lára àwọn tó gbilẹ̀ jù, ó sì sábà máa ń le lára ọmọdé. Ọmọ tó ti ṣe ọ̀kan lè tún kó òmíràn.

Ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọwọ́, sanitáísà nìkan ò tó. Ẹ fún ọmọ ní ORS díẹ̀díẹ̀, àti zinc fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ má dá ọmú dúró. Bójú ẹ̀ bá jìn, tàbí tí kò tọ̀, tàbí tó ń sùn ṣáá, ẹ gbé e lọ sí ọsíbítù kíá. Ẹ má dúró dìgbà tọ́jà bá tú.