Ìrìn Àjò Aràn Inú

Ẹyin aràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìgbẹ́ jáde kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí ènìyàn bá gbé e mì lójú ẹsẹ̀, yóò kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni. Ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ewu. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rin, tí ibòji wà, tí ooru sì mú díẹ̀, ọmọ aràn á máa dàgbà nínú ẹyin náà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á bọ́ awọ níbẹ̀ láìtíì yọ, á ká jọ, á dákẹ́, á máa dúró de ẹnu ènìyàn. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí èèpo ẹyin náà nípọn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan: ewé ẹ̀fọ́, èso tó já sílẹ̀, abẹ́ èékánná ọmọdé.

Aràn tí mò ń sọ ni aràn ńlá inú ìfun, èyí tí Carl Linnaeus ará Sweden sọ lórúkọ ní 1758, tó pè é ní Ascaris lumbricoides. Ó jọ ekòló, ṣùgbọ́n kò ní oríkèé lára bíi ti ekòló. Ó dán, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín funfun àti pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Abo tóbi ju akọ lọ. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 35, ìyẹn ni pé ó lè gùn ju rúlà ọmọ ilé-ìwé lọ. Ìrù akọ ní tirẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ. Ètè mẹ́ta ló yí ẹnu wọn ká, wọn kò sì ní ìkọ́ tí wọn yóò fi di ara ìfun mú. Ìfun kì í sì í sinmi, ó ń ti oúnjẹ lọ sísàlẹ̀ nígbà gbogbo. Aràn náà ní láti máa wẹ̀ lòdì sí i tọ̀sán-tòru kí ó má bàa bá ìgbẹ́ lọ. Omi tó ń mú kí ẹran àti ẹ̀wà dà nínú wa kò rí i dà, nítorí èròjà kan wà lára rẹ̀ tó ń gba agbára lọ́wọ́ omi náà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nípa rẹ̀. Inú ìfun kékeré ni ọmọ aràn ti ń yọ láti inú ẹyin, ìfun kékeré yìí kan náà ni yóò gbé títí ayé rẹ̀. Síbẹ̀ kì í jókòó síbẹ̀. Á dá ara ìfun lu, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ẹ̀dọ̀, láti ẹ̀dọ̀ dé ọkàn, láti ọkàn dé ẹ̀dọ̀fóró. Níbẹ̀ ló ti ń lo bí ọjọ́ 10 sí 14, tó ń dàgbà. Nígbà tó bá tó àkókò, á já wọ inú àpò afẹ́fẹ́, á gun ọ̀nà èémí sókè títí dé ọ̀fun, ẹni tó gbé e sára á sì gbé e mì. Ó tún bára rẹ̀ nínú ìfun tó ti kúrò. Láti ọjọ́ tí ẹyin wọ ẹnu títí di ìgbà tí abo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yé tirẹ̀, oṣù méjì sí mẹ́ta ni.

Ní 1922, dókítà ará Japan kan, Shimesu Koino, gbé ẹyin aràn 2,000 mì kí ó lè mọ̀ dájú bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ara ènìyàn. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń wú jáde wò, ó rí àwọn ọmọ aràn nínú rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí gidigidi. Ikọ́ tó ń da ọmọ láàmú láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tó fà á lè jẹ́ ti aràn tó ń gba àyà rẹ̀ kọjá, ara Koino ni a sì ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ni.

Èrè wo ni aràn ń rí nínú wàhálà yìí? Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi àwọn aràn tó ń rin inú ara wé àwọn ìbátan wọn tí kì í kúrò nínú ìfun, wọ́n rí i pé àwọn tó ń rìn ló ń tóbi jù. Abo tó bá sì tóbi ni ẹyin rẹ̀ ń pọ̀. Abo kan lè yé ẹyin 200,000 lójúmọ́. Kódà bí kò bá sí akọ nítòsí, á ṣì máa yé e, ṣùgbọ́n ẹyin bẹ́ẹ̀ kò lè di nǹkan.

Ìmọ̀ tí aràn fún wa nípa ara àwa fúnra wa kì í ṣe kékeré. Aràn ẹṣin ni Édouard van Beneden ará Belgium ń wò ní 1883, nítorí kromosóòmù rẹ̀, ìyẹn àwọn fọ́nrán tó ń gbé àbùdá, kò ju mélòó kan lọ, wọ́n sì rọrùn láti rí. Ibẹ̀ ló ti rí i kedere pé ìdajì kromosóòmù ọmọ ń ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì ń ti ọ̀dọ̀ ìyá wá.

Ẹran ọ̀sìn náà ní tiwọn. Aràn ẹlẹ́dẹ̀ jọ tiwa débi pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ẹ̀yà méjì ni wọ́n tàbí ọ̀kan. Ti adìyẹ kì í rìn dé ẹ̀dọ̀fóró rárá. Inú wàrà ìyá ni ọmọ màlúù ti ń mu tirẹ̀. Ti ajá ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí ó ń ti inú ìyá wọ inú ọmọ kí wọ́n tó bí i. Bí ọmọ ènìyàn bá fọwọ́ kó ẹyin rẹ̀ jẹ nínú iyẹ̀pẹ̀, ọmọ aràn náà á yọ, ṣùgbọ́n kò ní mọ ọ̀nà ìfun padà. Á máa rìn kiri nínú ẹ̀dọ̀, nígbà mìíràn á wọ ẹyinjú, ó sì ti fọ́ ọmọdé lójú rí.

Ọ̀pọ̀ ìyá nílẹ̀ wa gbà pé súgà àti mindinmíìndìn ló ń fa aràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aràn kò sí nínú súgà. Ọwọ́ tó ti kan ilẹ̀ ni ó ń gbé ẹyin dé ẹnu. Bí aràn inú ọmọ kò bá ju méjì mẹ́ta lọ, ó lè máà hàn síta rárá. Bí wọ́n bá pọ̀, ikùn á wú, ọmọ kò ní dàgbà bó ṣe yẹ, wọ́n sì lè lọ́ mọ́ra wọn kí wọ́n dí ìfun pa. Nígbà tí ibà bá mú ọmọ, ara aràn kì í balẹ̀. Ó lè wọ ojú ọ̀nà òróòro, ó lè gba ẹnu tàbí imú jáde.

Ewé ẹ̀jìnrìn àti ewúro ni àwọn baba wa ń lò. Àwọn dókítà kan ní Ilé-Ifẹ̀ dán kóró ìbẹ́pẹ wò, ìwádìí wọn sì jáde ní 2007. Wọ́n fún ọmọ 30 ní kóró gbígbẹ tí a pò mọ́ oyin, wọ́n fún 30 mìíràn ní oyin lásán. Ìgbẹ́ ọmọ 23 mọ́ kúrò lọ́wọ́ àfòmọ́ inú láàárín àwọn tó jẹ kóró. Nínú àwọn tó lá oyin nìkan, 5 péré ni. Ti òyìnbó rọrùn: albendazole mílígíráàmù 400, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Àmọ́ oògùn kò dé inú ilẹ̀. Wọ́n ń pín in fún àwọn ọmọ wa ní ilé-ìwé, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé e mì láàárọ̀ á jáde ní àkókò ìsinmi sínú ọgbà tí kò ní ṣálángá, níbi tí igbó ẹ̀yìn kíláàsì ti jẹ́ ilé ìgbẹ́ gbogbo wọn. Láàárín oṣù mélòó kan, inú rẹ̀ á ti kún padà. Ó ń dùn mí pé a ń ka èyí sí ìtọ́jú tó pé.

Ibì kan wà tí wọ́n ti ṣe é pé. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó ju ìdajì àwọn ará Japan lọ tó ní aràn yìí, nítorí ìgbẹ́ ènìyàn ni wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ sí oko ẹ̀fọ́. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wò lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n fún àwọn tó ní in lóògùn. Àwọn àgbẹ̀ sì fi ajílẹ̀ inú àpò rọ́pò ìgbẹ́, wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ́ tó bójú mu. Kí ọdún 1980 tó dé, aràn inú ti di ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ rí mọ́ níbẹ̀.