Bí Ayé Òde Òní Ṣe Wọ Àjàṣẹ́

 

Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ayé àwọn baba ńlá wa, nígbà tí ayé òde òní ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Láti nǹkan bí ọdún 1835 títí dé ọdún 1940 ni ọ̀rọ̀ wa dúró lé. Láàárín àkókò yẹn ni pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ilé ẹ̀kọ́, ìwé ìròyìn, owó orí àti bọ́dà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òyìnbó ló kó gbogbo rẹ̀ wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ yìí tí a tà lẹ́rú, tó padà wálé, ló mú púpọ̀ wá nínú rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé orúkọ mẹ́ta ni ìlú wa ń jẹ́. Àwa Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́. Àwọn Ègùn ń pè é ní Hogbonou. Àwọn oníṣòwò Potogí ló sọ ọ́ ní Porto-Novo ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ìtumọ̀ Porto-Novo ni èbúté tuntun. Kí ni wọ́n ń kó gba èbúté náà kọjá? Ènìyàn ni. Ogun ń jà nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n mú lógun wá sí etí òkun, wọ́n ń tà wọ́n fún ọkọ̀ òyìnbó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ìlú Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe oko ìrèké, tí wọ́n ru ẹrù, tí wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú dìde ogun ní Bahia. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn, Mùsùlùmí sì ni àwọn aṣáájú wọn. Ogun náà kò ju òru ọjọ́ kan lọ tí ìjọba fi ṣẹ́gun wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ ara àwọn tó kú wò, tí wọ́n tú ilé àwọn tó kù, wọ́n rí ìwé tí a fi èdè Lárúbáwá kọ. Ẹ̀rù ba àwọn olówó ẹrú gidigidi. Ẹrú tó lè kọ̀wé, tó lè kàwé, ọ̀gá tí kò lè ka ìwé yẹn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀! Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan, wọ́n sì lé àwọn kan kúrò nílùú padà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn tó ti ra ara wọn padà kúrò lóko ẹrú fi owó ara wọn wọ ọkọ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Ouidah, ní Àgbádárìgì, ní Èkó, àti ní Àjàṣẹ́ wa níhìn-ín.

Àwọn wọ̀nyí ni à ń pè ní Àgùdà. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ ìdílé wọn: da Silva, d'Almeida, de Souza, Paraïso, Medeiros. Orúkọ Potogí ni orúkọ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ́ wọn. Àwọn kan jẹ́ Kátólíìkì, àwọn kan jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹ ó rí Mùsùlùmí tó ń jẹ́ Ignacio. A ò sì gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́: àwọn kan nínú àwọn Àgùdà, tí a ti tà lẹ́rú rí, tún wá ń ta ẹrú nígbà tí wọ́n dé. Ó dunni láti kà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà tó yá, òwò ẹrú kú, òwò epo pupa àti ekùrọ́ rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí jù ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà, télọ̀ wà, alásè wà. Ilé alámọ̀ tí a fi koríko bò ló wọ́pọ̀ nígbà náà. Àwọn Àgùdà wá kọ́ ilé alájà, tí fèrèsé rẹ̀ ga, tí orí fèrèsé náà tẹ̀ bí òṣùmàrè. Wọ́n fi símẹ́ńtì ya òdòdó sí òkè ilẹ̀kùn. Wọ́n kun ògiri ní pupa, ní àwọ̀ ewé, ní àwọ̀ ìyeyè. Ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí ṣì wà ní Àjàṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń wó àwọn kan.

Bí ẹ bá lọ tajà ní Àjàṣẹ́, ẹ yà wo mọ́ṣáláṣí ńlá. Ní nǹkan bí ọdún 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, ó sì gbà wọ́n ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Ilé ìṣọ́ méjì ló wà níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ oríṣiríṣi. Àlejò tí kò mọ̀ ọ́n á pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ṣì í pe púpọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn Àgùdà rí ní Bahia, bí a ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kọ́ níbẹ̀, ọgbọ́n ọwọ́ kan náà ni wọ́n sì fi kọ́ ilé Ọlọ́run tiwọn nígbà tí wọ́n dé ilé.

Wọ́n ní eré tiwọn pẹ̀lú, Bourian. Ẹlòmíràn ń pè é ní eégún Àgùdà. Inú èdè Potogí ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré. Ní oṣù kìíní ọdún, nígbà ọdún Bonfim, wọ́n á gbé ìbòjú wọ̀, bí ojú ènìyàn, bí orí màlúù, bí orí ẹṣin. Wọ́n á lu ìlù olójú mẹ́rin, wọ́n á máa kọrin ní èdè Potogí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ orin náà kò gbọ́ Potogí mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí orin náà sọnù. Ní tèmi, ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn Bourian nìyí: òyìnbó ló ni èdè orin náà, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ló ni eré.

Ní ìlà oòrùn wa, lọ́nà Àgbádárìgì, àwọn mìíràn ń bọ̀ láti Sàró. Ẹrú tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821. Ó gbé ní Àgbádárìgì láàárín 1845 sí 1846 kó tó lọ sí Abẹ́òkúta. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi álífábẹ́ẹ̀tì òyìnbó kọ èdè Yorùbá, wọ́n sì túmọ̀ Bíbélì sí i. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ jáde ní Abẹ́òkúta. Henry Townsend, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì, ló tẹ̀ ẹ́. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Àjàṣẹ́. Ìwé mìíràn ń bọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe èyí tí a ń rà lọ́jà. Ní 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní ọdún kan náà, wọ́n yìnbọn sí Àjàṣẹ́ láti ojú ọ̀sà. Ọba Sodji wá ààbò lọ sọ́dọ̀ àwọn Faransé, wọ́n sì ṣe ìwé àdéhùn ní 1863. Àdéhùn yẹn kò pẹ́ tó fi tú. Ọba Toffa, tó jọba ní 1874, ló tún pe àwọn Faransé padà. Nígbà tó di 1883, wọ́n ti jókòó tán. Toffa ń bẹ̀rù Dahomey ní ìwọ̀ oòrùn, ó ń bẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì ní ìlà oòrùn. Nígbà tó kú ní 1908, orúkọ ọba ló kù fún ìdílé rẹ̀, àṣẹ ti bọ́ sọ́wọ́ gómìnà.

Ìwé tó kan àwa ará Kraké jù lọ ni èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Paris ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889. Àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà kan láti ibi odò Àjàrá. Wọ́n ní kí ó gba àárín lọ sí òkè, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé etí òkun. Wọ́n ní Ìpókíá á jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, Àjàṣẹ́ á jẹ́ ti Faransé. Kò sí Ègùn kan, kò sí Yorùbá kan, tó jókòó sídìí tábìlì náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìlà náà ni àwọn aṣọ́bodè ń ṣọ́ ní Kraké títí di òní. Àbúrò ń bẹ lápá kan, ẹ̀gbọ́n ń bẹ lápá kejì, ọjà tí ìyá wọn ń gbé kọjá tẹ́lẹ̀ wá di ẹrù fàyàwọ́.

Àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ kan tètè rí i pé ìwé ni wọ́n ń fi jọba lé àwọn lórí. Louis Hunkanrin jẹ́ olùkọ́, ọmọ Àjàṣẹ́. Ní 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọwọ́ kọ ìwé ìròyìn ní ìkọ̀kọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Le Récadère de Béhanzin, ìyẹn ni ìránṣẹ́ tó ń gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba Béhanzin. Wọ́n ń tú àṣírí ìwà ìkà gómìnà nínú rẹ̀. Ní 1923, ìjọba fi kún owó orí. Àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀, wọn kò san. Àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba kó sójà wọ ìlú, wọ́n mú àwọn aṣáájú, wọ́n sì lé Hunkanrin lọ sí aṣálẹ̀ Mauritania fún ọdún mẹ́wàá. Níbẹ̀ náà, ó tún ń kọ̀wé. Ó rí i pé wọ́n ń fi ènìyàn ṣẹrú lábẹ́ ojú ìjọba Faransé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ayé lè gbọ́.

Ní 1927, ìwé ìròyìn mìíràn jáde, La Voix du Dahomey, ìyẹn Ohùn Dahomey. Ó ń sọ ohun tí ará ìlú ń jìyà rẹ̀. Ìjọba pe àwọn olóòtú rẹ̀ lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ náà parí ní 1936, owó ìtanràn díẹ̀ ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ ti kíyè sí nǹkan kan? Faransé ni gbogbo ìwé ìròyìn Àjàṣẹ́ tí mo dárúkọ wọ̀nyí. Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́ tí a bí ní 1890, kọ ìtàn ńlá kan tó ń jẹ́ Doguicimi ní 1938. Ọ̀rọ̀ ààfin Abomey ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé náà ló fi kọ ọ́. Ẹ má bá wọn wí. Ní ilé ẹ̀kọ́ Faransé, èdè Faransé nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ á jìyà. Lápá Gẹ̀ẹ́sì, ọmọdé ń fi Yorùbá kọ́ ìwé kíkà. Ìlà ọdún 1889 ló pín wa sí ọ̀nà méjì bẹ́ẹ̀. Àgbà tó lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ ní àárín ìgbìmọ̀ á dé ọ́fíìsì, á dákẹ́, á máa wo ẹnu ògbufọ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí kò bá àwa nìkan. Ní Yúróòpù, orílẹ̀-èdè kan ń jẹ́ ilẹ̀ Czech. Funfun ni àwọn ará ibẹ̀, síbẹ̀ ọba tó ń sọ èdè Jámánì ló ń ṣàkóso wọn. Jámánì ni èdè ọ́fíìsì àti ti ilé ẹ̀kọ́ ńlá. Èdè Czech di èdè àgbẹ̀ àti ti ọmọ ọ̀dọ̀. Olùkọ́ kan, Josef Jungmann, kó ọ̀rọ̀ èdè wọn jọ sínú ìwé atúmọ̀ ńlá márùn-ún. Èyí tó kẹ́yìn jáde ní 1839. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dáwó kọ́ ilé eré ńlá kan sí Prague, olú-ìlú wọn, kí wọ́n lè máa fi èdè wọn ṣeré. Wọ́n ṣí i ní 1881, ó sì jóná ní ọdún yẹn gan-an. Olówó àti tálákà tún dáwó. Kò tó oṣù méjì tí owó fi pé. Ní 1883 wọ́n tún un ṣí, ọdún kan náà tí àwọn Faransé ń jókòó sí Àjàṣẹ́.

Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà pẹ́ díẹ̀. Dahomey gba òmìnira ní 1960, ó di Bénin ní 1975. Ní 1975 yẹn náà ni ìjọba ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fún èdè ìbílẹ̀ wa, kí àgbàlagbà lè fi èdè rẹ̀ kàwé. Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tó ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láàmú. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ti Bénin kò bá ti Nàìjíríà mu ní gbogbo ọ̀nà. Ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Nàìjíríà ni a ṣe kọ ọ́. Ibi tí a ti kọ ẹ àti ọ pẹ̀lú àmì kékeré nísàlẹ̀, ìwé Bénin á kọ ɛ àti ɔ. Ibi tí a ti kọ ṣ, wọ́n á kọ sh. Ibi tí a ti kọ p, wọ́n á kọ kp. Nítorí náà, bí ẹ bá rí «ọ̀pẹ» nínú ìwé tó ti Àgbádárìgì wá, tí ẹ sì rí «ɔ̀kpɛ» nínú ìwé tó ti Àjàṣẹ́ wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ kà á sókè, etí yín á sọ fún yín.