Ẹsẹ̀ Ni A Fi Ń Mọ Douala

Ìkòkò ni mo kọ́kọ́ rí. Ní oríta Shell ní New Bell, láàárín ariwo àwọn ọ̀kadà tí ará Douala ń pè ní bendskin, ìkòkò tánganran gun orí ara wọn lọ sókè réré, bí ìgbà tí ẹnìkan ń to ẹrù ìyàwó jọ tó sì gbàgbé ibi tó yẹ kó ti dúró. Pascale Marthine Tayou, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà ọmọ Kamẹrúùnù, ló tò wọ́n síbẹ̀ ní 2010. Ẹnikẹ́ni kò gbowó ìwòran lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n tí mo dé sọ́dọ̀ rẹ̀, ìyá kan tó ti pẹ́ nídìí aṣọ títà ní New Bell, fi mí rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ìkòkò lásán lo ń wò látàárọ̀, àbúrò? Kribi ni àwọn àlejò ń lọ. Òkun wà níbẹ̀.”

Kò purọ́. Ní Kribi, odò Lobé ń já láti orí àpáta sínú òkun gan-an. Ṣùgbọ́n mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rin ìlú yìí ná, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rí tèmi ní oríta Deido. Òmìrán kan dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó gbé nǹkan róbótó bí ayé sókè. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé kò sí ohun tuntun kan lára rẹ̀: táyà tó ti jẹ, irin ara ọkọ̀, àwọn nǹkan tí mẹkáníìkì ti dà nù. Joseph-Francis Sumégné ló fi pàǹtí wọ̀nyí mọ ère tó ga tó mítà 12, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1996 lábẹ́ àbójútó doual'art, ẹgbẹ́ tí Marilyn Douala Bell àti ọkọ rẹ̀, Didier Schaub, dá sílẹ̀ ní 1991. Òmìnira Tuntun ni Sumégné pè é. Ọ̀pọ̀ ará ìlú fajú ro, wọ́n ní ó burú lójú, wọ́n sọ ọ́ ní Ndjoundjou, èyí tí etí Yorùbá á gbọ́ bíi jùjú. Lónìí, òun ni ọlọ́kadà fi ń júwe ọ̀nà.

Láti ibẹ̀ mo kọjá sí Bonanjo, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba pọ̀ sí. Ààfin ìdílé Bell wà níbẹ̀, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1905. Bó ṣe rí ló mú kí wọ́n máa pè é ní La Pagode, bí ilé òrìṣà àwọn ará Ṣáínà. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ń ro ti Rudolf Duala Manga Bell, ọba àwọn Duala tó ni ìlú náà. Ní July 1884, bàbá bàbá rẹ̀ bá àwọn oníṣòwò Jámánì tọwọ́ bọ̀wé pé ilẹ̀ àwọn Duala kò ní kúrò lọ́wọ́ wọn. Kò pé ọgbọ̀n ọdún tí Jámánì fi ní kí wọ́n dìde létí odò, kí wọ́n kó lọ sí New Bell, kí òyìnbó lè nìkan gbé ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Manga Bell, tó kàwé ní Jámánì, kọ̀wé ẹ̀hónú títí dé ilé aṣòfin wọn. Ní August 8, 1914, wọ́n so ó kọ́.

Ní 2022, ìlú Berlin yọ orúkọ Nachtigal, ẹni tó ta àsíá Jámánì sókè ní Douala, kúrò lára gbàgede kan, wọ́n sì fi orúkọ Manga Bell rọ́pò rẹ̀. New Bell ní tirẹ̀ wá di àdúgbò àwọn àlejò, bíi Sábó ní Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi rí ibẹ̀ ṣòwò.

Ìrọ̀lẹ́ bá mi létí odò Wouri. Odò yìí ló sọ orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù lórúkọ. Nǹkan bíi 1472 ni àwọn Potogí dé ẹnu rẹ̀, wọ́n bá edé níbẹ̀ lọ súà, wọ́n pè é ní Rio dos Camarões, Odò Edé. Camarões ló di Kamẹrúùnù. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Youpwé, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja, lọ sí erékùṣù Manoka, ẹ ó rí igi tí gbòǹgbò wọn dúró nínú omi bí ẹsẹ̀ akàn. Láàárọ̀ tí ojú ọ̀run bá mọ́, Òkè Kamẹrúùnù, tó ga ju mítà 4,000 lọ, á yọjú lókèèrè.

Etí odò Wouri yìí kan náà ni àwọn Sawa, ìyẹn àwọn ẹ̀yà etí omi bíi Duala, ti ń ṣe ọdún Ngondo ní oṣù December. Wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi sáré ìje, omùwẹ̀ sì ń wọ abẹ́ omi lọ gba iṣẹ́ wá lọ́dọ̀ àwọn miengu, ẹbọra inú omi. Ọmọ Yorùbá tó mọ Yemọja àti Ọ̀ṣun kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀. UNESCO kọ Ngondo sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2024.

Mo padà bá ndolé nílé. Ewúro ni, tí wọ́n fọ̀ títí ìkorò rẹ̀ fi ku díẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ àti edé sè. Míóndó la fi jẹ ẹ́, ẹ̀gẹ́ lílọ̀ tí wọ́n fi ewé wé tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá.

“Kí lo wá rí?” ni ẹ̀gbọ́n bi mí.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ títí, ó mi orí. “Irú ìkòkò yẹn ni mo fi se èyí tí ò ń jẹ yìí. Mi ò gbójú sókè wò wọ́n rí ní oríta.”

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ yẹra fún July sí September, nítorí òjò Douala kì í ṣeré. Ẹ wá ní December, kí ẹ bá Ngondo. Ẹ wọ bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, kí ẹ fún ìlú yìí ní ọjọ́ méjì gbáko kí ẹ tó wọkọ̀ Kribi. Òkun kò ní sá lọ.