Erékùṣù Tí Kò Gba Mọ́tò

Ariwo kì í sinmi ní Ìsítáńbùlù, ìlú àtayébáyé ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Kabataş kò ní lò tó wákàtí méjì kó tó gúnlẹ̀ síbi tí fèrè mọ́tò kò ti ní dí i létí. Mẹ́sàn-án ni àwọn erékùṣù Adalar tó wà lójú Òkun Mámárà. Mẹ́rin tí àlejò ń bẹ̀ wò jù ni Kınalıada, Burgazada, Heybeliada àti Büyükada. Aráàlú kò gbọdọ̀ wa mọ́tò ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọ̀pọ̀ fi ń rìn láàrin igi páìnì àti àwọn ilé onípákó àtijọ́.

Ìparọ́rọ́ yìí dùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ pẹ́ tí ẹlòmíràn ti ń san owó rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Erékùṣù Ọmọ Ọba ni pé ibẹ̀ ni àwọn ọba Bisáńtíọ́mù ń lé àwọn ẹbí wọn tí wọ́n ń bẹ̀rù sí. Nígbà tí wọ́n rọ ọbabìnrin Irene lóyè lọ́dún 802, Büyükada ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, sínú ilé ìsìn tí òun fúnra rẹ̀ kọ́. Ibẹ̀ náà ni Leon Trotsky, tí ìjọba Sófíẹ́tì lé kúrò nílùú, gbé láti 1929 sí 1933.

Lẹ́yìn náà ló kan àwọn ẹṣin. Àwọn ló ń fa kẹ̀kẹ́ èrò gun òkè nínú oòrùn, títí àìsàn fi bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn ní ìparí 2019, tí wọ́n sì pa èyí tó lé ní 100. Lọ́dún 2020, ìjọba fòfin de kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Ọkọ̀ oníná mànàmáná ló rọ́pò rẹ̀.

Ní báyìí, ó kù sọ́wọ́ àlejò. Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun: àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ni èrò òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń há mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ láàrin ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì Aya Yorgi ní Büyükada, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń lọ tọrọ ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin lọ́dọọdún. Ọ̀nà náà ga, yóò sì mú yín làágùn díẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ni ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín san owó ìparọ́rọ́ ọjọ́ náà.